Iná Táyà Tó Ń Ṣẹ́jú: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ lórí Toyota Camry 2009 ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkọ̀: Toyota Camry 2009, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, rímù 16, táyà 215/60R16. Ẹ̀sùn tí ẹni tó ni ín gbé wá ni pé bí òun bá ti sitáàtì, iná òféèfèé kan tó rí bíi táyà tí wọ́n là láàárín, tó ní àmì ìyanu nínú, á máa ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan, á wá dúró gbagidi, kò sì ní kú títí òun á fi pa ọkọ̀. Fọ́kanáísà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fẹ́ àwọn táyà náà, láti Tákíẹ́ dé Sábó. Iná kò gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Kò lè gbọ́, torí ohùn méjì ni iná yìí ní. Bó bá tàn tó sì dúró láìṣẹ́jú, táyà kan ti rọ̀, ẹ lọ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún 60 sí 90 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dúró, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táyà fúnra rẹ̀ ló ń ké pé òun kò gbọ́ ìròyìn mọ́. Afẹ́fẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ èkejì yẹn rárá. Púpọ̀ nínú owó tí àwọn èèyàn ń ná dànù lórí iná yìí, àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń fà á.

Ìdí tí àwọn tòkunbọ̀ wa fi ní in: lọ́dún 2000, lẹ́yìn tí táyà Firestone bẹ́ lára ọ̀pọ̀ Ford Explorer tí èèyàn sì kú, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí ọkọ̀ máa kìlọ̀ fún awakọ̀ bí táyà bá rọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Ilẹ̀ Yúróòpù kò sọ ọ́ di dandan àfi ní 2012 fún irú ọkọ̀ tuntun, 2014 fún gbogbo ọkọ̀ tuntun. Nítorí náà bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ 2008 sókè láti Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe jù kí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó sì ń ránṣẹ́ sí ọkọ̀, wà nínú táyà rẹ̀ tàbí kó ti wà níbẹ̀ rí, àfi àwọn díẹ̀ tí ABS wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kìíní: wíwọn àti wíwádìí

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n wọn táyà, ọkọ̀ kò tíì rìn láti alẹ́. Àlẹ̀mọ́ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni a ń tẹ̀lé: 30 psi (ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka afẹ́fẹ́) níwájú, 30 lẹ́yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀, 44 tàbí 51, ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá ni, kì í ṣe ìwọ̀n tí a ń fẹ́ ẹ sí. Ohun tí gééjì sọ: iwájú òsì 38, iwájú ọ̀tún 36, ẹ̀yìn òsì 41, ẹ̀yìn ọ̀tún 35. Àwọn tó fẹ́ ẹ ti sọ ọkọ̀ náà di bọ́ọ̀lù. Táyà tó le báyìí máa ń jẹ láàárín, kì í sì í gbá títì mú dáadáa nígbà òjò.

Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sí 30 kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòdù, nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é. Lábẹ́ sitíárìn ni ojú ìsọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wà, ihò 16 ló ní. Lára Toyota ìgbà yẹn, bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ẹ lè fi wáyà tín-ín-rín kan so ihò nọ́ńbà 13 pọ̀ mọ́ ihò nọ́ńbà 4, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsitáàtì, iná táyà á sì máa ṣẹ́jú kóòdù fún yín: bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀méjì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn jẹ́ 23. Iná ABS (ti bíréèkì), iná ẹ́ńjìnnì àti iná báàgì afẹ́fẹ́ náà á máa ṣẹ́jú lásìkò kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín, ti táyà nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀méjì. Ihò nọ́ńbà 16 ni iná bátìrì wà. Bí wáyà yín bá kan ibẹ̀ mọ́ 4, fíúsì jó nìyẹn, tí orí yín bá sì burú, ó ju fíúsì lọ. Ka orúkọ ihò láti inú àwòrán, má ṣe fojú díwọ̀n.

Kóòdù tó jáde: 22, 23, 24. Lórí ẹ̀rọ ìwádìí, C2122, C2123 àti C2124 ni wọ́n máa ń kọ wọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò gbọ́ ohùn láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ìkíní nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí: lórí Toyota yìí, ìkíní kò túmọ̀ sí táyà iwájú òsì. Bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà wọn sínú ọpọlọ ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ń tò, táyà wo ni wọ́n wà kò kàn án.

Láti mọ ibi tí èyí tó wà láàyè wà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń jí sẹ́ńsọ̀ sún mọ́ ìdí fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ìgbì rédíò 125 kHz ni ẹ̀rọ yìí fi ń pe sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì fi 315 MHz dáhùn. Iwájú òsì dáhùn, ṣùgbọ́n ó ní bátìrì òun ti fẹ́ tán. Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì kò fọhùn. Ẹ̀yìn ọ̀tún? Ojú nìkan ti tó láti mọ̀: fáàfù rọ́bà dúdú lásán ló wà níbẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ irin pẹ̀lú nọ́ọ̀tì ní ìdí. Ẹnì kan ti fọ́ sẹ́ńsọ̀ ibẹ̀, ó sì ti fi rọ́bà dípò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí ni àwòrán tí a máa ń bá lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀. Bátìrì inú sẹ́ńsọ̀ kò ṣeé yọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 7 sí 10 ni ó ń lò. Ọkọ̀ 2009 ti kọjá gbèdéke yẹn tipẹ́. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe lè gé gọ́ọ̀mù náà kí wọ́n jó bátìrì tuntun mọ́ ọn, àwọn kan ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru inú táyà kì í ṣe ooru orí tábìlì, omi tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé láti inú ẹ̀rọ fọ́kanáísà sì máa ń wá ojú àlàfo tí ẹ kò dí dáadáa. Nítorí iṣẹ́ yíyọ táyà tó wà níbẹ̀, kò yẹ kí èèyàn ṣe é lẹ́ẹ̀méjì.

Ìpinnu: kí wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti èyí tó ṣì ń dáhùn pẹ̀lú.

Yíyan sẹ́ńsọ̀

Ohun mẹ́ta ni wọ́n wò. Àkọ́kọ́ ni ìgbì rédíò rẹ̀: ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń gbọ́ 315 MHz, ti Yúróòpù tó gba Kùtọnù wọlé sábà máa ń gbọ́ 433. Lọ́wọ́, méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ìkejì: ẹ má ra sẹ́ńsọ̀ àlòkù. Yálà Ládípọ̀ ní Èkó lẹ ti rí i ni o, yálà Aráròmí ní Gate, Ìbàdàn, ara ọkọ̀ ọjọ́ kan náà pẹ̀lú tiyín ni wọ́n ti tú u, ọjọ́ orí bátìrì rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ọ̀gá mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o,” ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó fi mọ̀.

Ìkẹta ni èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa níbí: ṣé ẹ fẹ́ èyí tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tàbí èyí tí a lè kọ nọ́ńbà sí? Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọpọlọ ọkọ̀ sì máa ń gbọ́ ti àwọn tó bá wà nínú ìwé rẹ̀ nìkan. Camry yìí kì í kọ́ nọ́ńbà tuntun fúnra rẹ̀ bí ẹ bá wà á káàkiri. Ẹni tó bá sọ pé ẹ wà á dé Ìlọrin kó lè mọ̀ ọ́n ń fi epo yín ṣòfò. Bí ẹ bá ra èyí tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ra èyí tí a lè kọ nǹkan sí, ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ á ka nọ́ńbà àtijọ́ kí ó tó dà á sórí tuntun, ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Níbi tí kọ̀ǹpútà tó ń bá Toyota sọ̀rọ̀ bá ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀nà kejì yìí ló rọrùn. Kódà bí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ bá ti kú, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ ó kà á bí ẹ bá ti yọ táyà.

Nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó ti ẹ̀yìn ọ̀tún ti sọnù, kò sí ara tí a ó ti ka nọ́ńbà. Nítorí náà, wọ́n gba ọ̀nà àkọ́kọ́: mẹ́rin tuntun, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ gbogbo wọn.

Ọjọ́ kejì: táyà jáde

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti ń kú ikú òjijì ni ọwọ́ fọ́kanáísà tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí ẹ sọ fún un kí ó tó mú òòlù. Iṣẹ́ náà lọ báyìí:

Wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹ̀mí fáàfù, irin kékeré inú rẹ̀ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, kí gbogbo afẹ́fẹ́ jáde pátápátá. Ti iwájú ọ̀tún kọ̀ láti yí. Ẹ̀mí fáàfù idẹ ni ẹnì kan ti fi sínú fáàfù alumíníọ̀mù. Irin méjì yẹn bá ara wọn jà nígbà tí omi bá wà láàárín wọn, wọ́n á sì di ọ̀kan. Ìdérí irin tó ń dán tí wọ́n ń tà lójú títì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí fáàfù tí wọ́n fi níkẹ́lì bò àti ìdérí ike ni kí ẹ máa lò. Ti ọkọ̀ yìí, níwọ̀n bí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ fáàfù náà, wọ́n kàn gé orí rẹ̀ dànù, afẹ́fẹ́ sì jáde.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya etí táyà kúrò lára rímù, òdì kejì fáàfù gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ jókòó sí ìdí fáàfù nínú rímù, ó gùn tó ìka méjì. Bí etí táyà bá sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, ó ti kán. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀pá irin gbé etí táyà sókè, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí fáàfù ni wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́, ṣóńṣó ọ̀pá kò gbọdọ̀ wọlé jìn. Ìdí rẹ̀ ni pé apá tó bá kọjú sí ọ̀pá ni etí táyà ti ń rì sínú kòtò rímù, a sì fẹ́ kí rírì yẹn jìnnà sí sẹ́ńsọ̀. Dídá a padà náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì, kí ẹ parí rẹ̀ lẹ́bàá fáàfù, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Nínú ẹ̀yìn òsì, gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ń rọ sínú táyà láti dí ihò ìṣó ló kún inú rẹ̀. Ó ti dí ojú kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni wọ́n fi fọ rímù.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu ìpẹtà funfun tó wà ní ojú ibi tí etí táyà ń jókòó sí. Èyí ń fa jíjò díẹ̀díẹ̀ tí kò ní ihò, tí fọ́kanáísà á ri táyà bọ inú omi títí tí kò ní rí nǹkan kan. Rímù alumíníọ̀mù tó ti pẹ́ ní ìlú oníyìnyín, tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí títì, kì í ṣaláì ní in.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun wọlé pẹ̀lú rọ́bà àti wásà tuntun tirẹ̀. Nọ́ọ̀tì ìdí fáàfù kò gbà ju 4 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) lọ. Ìyẹn kéré gan-an. Ìka méjì lórí sípánà kékeré ni, kì í ṣe agbára apá. Bí ẹ bá fún un jù, rọ́bà á fọ́ tàbí ọrùn fáàfù á kán lójú títì. Kí wọ́n tó fi táyà bò ó, wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé. Nọ́ńbà méje-méje ni, ó sì ní lẹ́tà láti A dé F nínú. Ẹni tó bá gbàgbé láti kọ ọ́ á yọ táyà lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kó wá ẹ̀rọ tó ń jí sẹ́ńsọ̀.

Wọ́n fẹ́ táyà, wọ́n ta omi ọṣẹ sí ìdí fáàfù, kò hó. Wọ́n bá ìwúwo táyà mu nítorí sẹ́ńsọ̀ tuntun kò wúwo bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Nọ́ọ̀tì wíìlì mú 103 N·m, ní àgbékọjá bí ìràwọ̀.

Kíkọ nọ́ńbà sínú ọkọ̀

Kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹ̀lú okùn tó ń wọ ojú ìsọ abẹ́ sitíárìn, àti ètò tí Toyota fi ń bá ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bátìrì ọkọ̀ kún, bátìrì kọ̀ǹpútà náà kún. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Kí wọ́n tó kọ tuntun, wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ìwé. Èyí ni ọ̀nà ìpadàbọ̀ bí nǹkan bá yíwọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a sì ń kọ lẹ́ẹ̀kan, kò sí kíkọ ọ̀kan ṣoṣo.

Sẹ́ńsọ̀ máa ń sùn bí ọkọ̀ bá dúró. Láti jí i láìní ẹ̀rọ, ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde kíákíá, ó kéré tán 6 psi láàárín 30 ìṣẹ́jú àáyá, á sì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà: ìkíní yí padà nígbà tí wọ́n tú ti iwájú òsì, ìkejì fún iwájú ọ̀tún, ìkẹta fún ẹ̀yìn òsì. Ìkẹrin kò mì rárá.

Àṣìṣe náà wà nínú ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ ti sọ B di 8. Níwọ̀n bí lẹ́tà kò ti kọjá F, B àti 8, àti D àti 0, ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kejì, ìkẹrin sì dáhùn.

Bọ́tìnì SET

Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí sitíárìn, bọ́tìnì kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ń pa iná. Kì í pa iná. Ohun tó ń sọ fún ọkọ̀ ni pé, “Ìwọ̀n tó wà nínú táyà nísinsìnyí ni kí o gbà pé ó tọ̀nà.” Bí táyà yín bá wà ní 20 tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á gbà pé 20 ló dára, kò sì ní kìlọ̀ fún yín títí táyà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà ti gbóná tó wọ 35, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni iná lè bẹ̀rẹ̀ sí yọ yín lẹ́nu.

Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ kẹta, táyà tutù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní 30. Kọ́kọ́rọ́ sí ON, ọkọ̀ dúró, wọ́n di bọ́tìnì mú títí iná fi ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ON fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí wọ́n tó sitáàtì.

Lákòókò ọyẹ́ ni bọ́tìnì yìí máa ń pa èèyàn lára jù. Ìwọ̀n táyà ń yí ní nǹkan bí 1 psi fún ìwọ̀n ooru 5 sí 6 Celsius. Àárọ̀ ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè wà nítòsí 18, ọ̀sán rẹ̀ 34. Ìyàtọ̀ bíi 3 psi nìyẹn láìsí ìṣó, láìsí jíjò. Ẹni tí iná rẹ̀ ń tàn láàárọ̀ tó sì ń kú lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní bèbè ni. Kó fẹ́ ẹ láàárọ̀, kó fi bọ́tìnì sílẹ̀.

Ìdánwò

Wọ́n wa ọkọ̀ gba iwájú LAUTECH jáde sí títì Ìlọrin, iná kò ṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n tú ẹ̀yìn òsì sílẹ̀ sí 20 psi. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ìwọ̀n orí àlẹ̀mọ́ ni òfin Amẹ́ríkà ní kí iná tàn. Bí 30 bá jẹ́ ìpìlẹ̀, 22.5 nìyẹn. Òfin náà fún ẹ̀rọ ní 20 ìṣẹ́jú láti mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí ẹ má ṣe ní kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ti ọkọ̀ yìí tàn kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dúró láìṣẹ́jú. Ohùn àkọ́kọ́ ti padà.

Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹ máa rí ọkọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú bo iná náà, tàbí tí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON: iná táyà gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti bá a ṣeré. Èyí tó burú jù ni páìpù ike omi tí wọ́n kó sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí wọ́n gbé sínú búùtù. Iná á kú lóòótọ́. Páìpù náà ni ọkọ̀ ń ṣọ́, táyà kò ní olùṣọ́, ike tó kún fún afẹ́fẹ́ nínú búùtù tó ń gbóná lọ́sàn-án sì lè bẹ́.

Ẹni tí owó kò bá ká sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin lè fi iná sílẹ̀ kó máa ṣẹ́jú, kó ra gééjì tirẹ̀, kó máa wọn táyà láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àti ti sípíà, èyí tó tín-ín-rín tó ń gba 60 psi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Oríṣi kan tún wà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ dà bí ìdérí fáàfù, tó ní ojú ìwòran kékeré lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó dára fún ọkọ̀ tó dàgbà, ṣùgbọ́n kí fáàfù má jẹ́ rọ́bà gígùn, torí ìwúwo rẹ̀ máa ń dá rọ́bà lọ́rùn.

Bí ti ẹlòmíràn kì í bá ṣe Toyota yìí: ọ̀pọ̀ Chevrolet ìgbà yẹn máa ń kọ́ nọ́ńbà tuntun nípa fífi rìmóòtù kọ́kọ́rọ́ pè é títí fèrè fi dún lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹ tó lọ láti iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún, dé ẹ̀yìn òsì. Honda Accord láti 2013 kò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà rárá, yíyí wíìlì ni ABS rẹ̀ fi ń mọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rọ̀ pọ̀ dọ́gba, kò lè mọ̀.

Ìwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ lọ: 30, 30, 30, 30, aago 6:40 àárọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun àti ti àtijọ́, wà nínú ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá wé sínú àpótí iwájú, pẹ̀lú táyà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti oṣù tí bátìrì wọn bẹ̀rẹ̀.